Kí Ẹ Tó Ra Ìbọn Ọdẹ, Títun Tàbí Àlòkù

  Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀. Ọjà tí à ń sọ yìí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ ó gbé e sí. Bó bá bẹ́, kì í ṣe owó nìkan ló máa bá a lọ.

Àbúrò bàbá mi ra ìbọn àlòkù kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Igi ìdí rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Wọn ò wo inú ọ̀pá rẹ̀. Ìgbà kẹta tí wọ́n yìn ín, ọ̀pá náà bẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì wà. Ìka méjì ló lọ. Títí dòní, ẹlòmíràn ló ń bá wọn so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ fún yín, torí ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Oríṣi mẹ́ta ló wà tí ọdẹ máa ń rà. Èkíní ni ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Òun lowó rẹ̀ kéré jù. Èkejì ni àlòkù ìbọn kàlíbù 12, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tó ń lo kàtúṣì. Ẹ̀kẹta ni irú rẹ̀ títun, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti tà á. Ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín ló máa ń dààmú jù: ṣé kí n ra títun ẹlẹ́nu kan ni, àbí àlòkù ẹlẹ́nu méjì tó jojú ní gbèsè?

Ìdáhùn mi rèé. Ẹlẹ́nu kan títun sàn ju ẹlẹ́nu méjì àlòkù tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa ìbọn kò yẹ̀ wò. Ohun tó lè bàjẹ́ lára ẹlẹ́nu kan kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àlòkù kì í ṣe ohun burúkú. Irin tó dára, tí wọ́n ń fi òróró nù, ó lè ju ọjọ́ orí bàbá wa lọ. Ọ̀pá ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo igi. Igi tó sán, káfíńtà á pààrọ̀ rẹ̀. Ojú tó fọ́, ta ló máa pààrọ̀ ìyẹn?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbésẹ̀ márùn-ún.

Èkíní: ẹ ṣí ìbọn náà, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i pé ilé ọta ṣófo. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “kò sí nǹkan nínú rẹ̀,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó síbẹ̀.

Èkejì: ẹ gbé ọ̀pá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ń dán bíi dígí. Bẹ́ ẹ bá rí òjìji tó yí po bí òrùka, ọ̀pá ti wú níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìka ra ìta rẹ̀ náà. Ibi tó wú, ibi tó tẹ̀ wọnú, tàbí ibi tí ìpẹtà ti jẹ dé ìsàlẹ̀, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ tì í, kẹ́ ẹ di ọ̀pá mú, kẹ́ ẹ mì í. Bí oríkèé rẹ̀ bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, kò tì dáadáa mọ́. Bẹ́ ẹ bá yìn ín, iná lè gba ẹ̀yìn jáde sí ojú yín.

Ẹ̀kẹrin: nígbà tó ṣófo, ẹ fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ rọra fi ìdí rẹ̀ gbá ilẹ̀ tó rọ̀. Bí òòlù bá já fúnra rẹ̀, ìbọn yẹn á yìn lọ́jọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìkarùn-ún: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ 12-70, kàlíbù 12 ni, ilé ọta rẹ̀ sì gùn ní mìlímítà 70. Ẹ má ki kàtúṣì 70 sínú ilé ọta 65. Ó máa wọlé o, torí ẹnu rẹ̀ ṣì ká. Nígbà tó bá yìn tí ẹnu náà sì là, kò ní rí àyè, agbára á sì kóra jọ sínú ọ̀pá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí nọ́ńbà kàlíbù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀pá ń tín-ín-rín sí i. Kàlíbù 20 kéré sí 12. Bí kàtúṣì 20 bá bọ́ sínú ìbọn 12, ó máa yọ̀ lọ há síwájú, ẹ ò sì ní rí i. Bẹ́ ẹ bá wá ki 12 tẹ̀lé e, ọ̀pá á bẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe kàtúṣì 20 ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má kó méjèèjì sínú àpò kan náà.

Ẹ̀yin tí ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tú ẹ̀tù inú kàtúṣì dà sí i láéláé. Agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ. Bákan náà, irin tí omi ń gbà kọjá nínú ilé, wọn ò ṣe é fún kàtúṣì. Bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ṣe wù kó mọ́ tó, irin náà ò yí padà.

Ó ku ìwé. Bí ìbọn ò bá ní nọ́ńbà, tàbí tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Àdéhùn CEDEAO lórí ìbọn, tí àwọn olórí fọwọ́ sí ní Abuja ní 14 oṣù kẹfà 2006, béèrè pé kí ìbọn ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹ ò mọ ibi tí ìbọn tí kò ní nọ́ńbà ti ń bọ̀, ẹ ò sì mọ ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ó ṣàlàyé. Ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì gbé e sọdá ẹnubodè, bí àna yín tilẹ̀ wà lódì kejì.

Nílé, ẹ ti ìbọn mọ́ ibì kan, kẹ́ ẹ ti kàtúṣì mọ́ ibòmíràn. Ọmọdé mọ ibi gbogbo tí ẹ rò pé kò mọ̀.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ìbọn bẹ́ mọ́ ènìyàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Bí irin bá wọ ojú, ẹ má yọ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì ro àgbo sí i. Ẹ fi ife mímọ́ bò ó láìtẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ rán dókítà létí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin ìyàwó ọdẹ tó ń gbọ́ mi, bí baálé yín bá ń lọ ra ìbọn, ẹ bá mi bi í léèrè: “Bàbá, ṣé ẹ wo inú ọ̀pá rẹ̀?” Ògún á máa gbè yín. Ó dìgbà o.