Ìbẹ̀wò sí Ọ̀pá Ọ̀rányàn àti Ohun tí A ó Fi Sílẹ̀ Láyé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí o bá ń gbé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò ní Alímòṣọ́, ilẹ̀ Àwórì ni o wà. Ìtàn àwọn Àwórì sì sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ọlọ́fin ti gbéra, tí ó ń tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lójú omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí. Nítorí náà, bí àyè bá gbà ọ́, wọ ọkọ̀ gba Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ rí Ọ̀pá Ọ̀rányàn.

Kí ni ọ̀pá yìí? Òkúta kan ṣoṣo ni, akọ òkúta tí a gbẹ́, tí a sì rì mọ́lẹ̀ lóòró. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18. Ìṣó irin tí ó lé ní 100 ni a kàn mọ́ ọn lára. Kò sí ẹ̀rọ agbẹ́rù ní ayé ìgbà náà. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀rányàn, ìran Odùduwà, jagunjagun tí ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, ni ó ni orúkọ yìí. Àwọn kan ní ibojì rẹ̀ ni òkúta náà. Àwọn mìíràn ní nígbà tí ó darúgbó, ó wọlẹ̀ lọ, ó sì ní kí àwọn ará Ifẹ̀ pe òun bí ogun bá dé. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pè é láìsí ogun. Ó yọ pẹ̀lú idà, ó ń pa wọ́n. Kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn òun ni, ọ̀pọ̀ ti kú. Ó kábàámọ̀, ó ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, bí a ti ń ròyìn agbára akọni náà ni a ń ròyìn ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ láìtọ́. Ohun tí a fi sílẹ̀ kì í ṣe rere nìkan. Èkejì, a kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ òkúta náà, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń lọ wò.

Wàyí o, bi ara rẹ léèrè: kí ni èmi yóò fi sílẹ̀? Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò tẹ ìlú dó. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí ó kọ́ ọmọ iṣẹ́ yanjú ti fi ogún sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyálọ́jà tí kò fi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìwé lálaalẹ́. Òjò lè fọ òkúta, ìṣó sì lè dípẹtà. Ẹni tí o kọ́ ní iṣẹ́ yóò kọ́ ẹlòmíràn. Má ṣe dúró di ọjọ́ ogbó kí o tó bẹ̀rẹ̀.