Ta Ni Ó Lè Kọ Nǹkan Sínú Ìwé Ìlànà?



MySQL ni ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ńtọ́jú àkọsílẹ̀, bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó oníbàárà. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Linux, yóò ka ìwé ìlànà rẹ̀: /etc/my.cnf ni yóò kọ́kọ́ wò, lẹ́hìn náà /etc/mysql/my.cnf. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, èyí tí ó kà kẹ́hìn ni yóò tẹ̀lé.

Ta ni ó lè fọwọ́ kan ìwé yìí? Ọ̀nà mẹ́ta ni Linux pín ènìyàn sí: ẹni tí ó ni ìwé, ẹgbẹ́ rẹ̀, àti gbogbo ènìyàn yòókù. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, mímú un ṣiṣẹ́ jẹ́ 1. A ó sì rò wọ́n pọ̀. Bí a bá fi 644 sí i, ẹni tí ó ni ín lè kà á, ó sì lè kọ sí i. Àwọn yòókù lè kà á nìkan.

Ẹlòmíràn a fi 777 sí i, kí wàhálà lè tán. Àṣìṣe gbáà ni! MySQL kì í ka ìwé ìlànà tí gbogbo ènìyàn lè kọ sí. Yóò pa á tì, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ẹ kò kọ nǹkan kan.

Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá wà nínú ìwé tìrẹ, fi 600 sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.