Lẹ́tà Ọkọ: Onígbọ̀wọ́ Tí Ìwé Ìgbélùú Ìyàwó Àjèjì Dúró Lé

Nínú gbogbo ìwé tí obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà ń kó lọ sí olú iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n ní Sauka, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, èyí tó ṣe pàtàkì jù lè má ju ojú ewé kan lọ. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí Ọ̀gá Àgbà Ìmígíréṣọ̀n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: èmi Lágbájá, ọmọ Nàìjíríà, ni mo fẹ́ obìnrin yìí, mo sì gbà láti dúró fún un níwájú ìjọba. Àwọn tó ń sáré ìwé náà kì í pe orúkọ rẹ̀ gùn. "Lẹ́tà IR" ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ilé bá tòrò, lẹ́tà náà á wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè rẹ̀. Bí tọkọtaya bá wá ń bára wọn fa wàhálà, ẹni tó kọ ọ́ á rántí pé ọwọ́ òun ni èèkù idà wà. Ọ̀pọ̀ ìjà ilé ni kì í ṣe lórí owó tàbí lórí ọmọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó di ìjà lórí ẹni tí yóò kúrò ní Nàìjíríà.

Ohun tí onígbọ̀wọ́ ń gbà sọ́rùn

Ọ̀nà tí ìyàwó àjèjì máa ń gbà wọlé ni físà tí wọ́n ń pè ní STR, èyí tó fún un láyè láti dé kó tó ṣètò ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ọkọ ni yóò kọ̀wé béèrè fún físà náà, òun náà ni yóò kọ lẹ́tà IR, yóò sì fi ẹ̀dà páṣípọ́ọ̀tù tirẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tì í. Lẹ́yìn èyí ni káàdì CERPAC tí àjèjì fi ń gbé ìlú yóò jáde. Káàdì náà lọ́jọ́ tó ń kú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ẹni tó bá fọwọ́ sí lẹ́tà IR ti gbà pé òun ni yóò wá ibùgbé fún ìyàwó, òun ni yóò bọ́ ọ, bí ó bá sì di dandan kó padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun ni yóò sanwó ọkọ̀ òfuurufú. Irú ẹ̀jẹ́ yìí náà ni iléeṣẹ́ ńlá ń jẹ́ fún òyìnbó tí wọ́n bá gbà síṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó bá bá ọ̀gá rẹ̀ jà lè wá iléeṣẹ́ mìíràn tí yóò dúró fún un. Ìyàwó tó bá bá ọkọ rẹ̀ jà kò lè torí ìwé fẹ́ ọkọ mìíràn.

Bí ọkọ bá kọ̀wé sí Ìmígíréṣọ̀n pé òun kò ṣe onígbọ̀wọ́ mọ́, ìpìlẹ̀ tí ìwé obìnrin náà dúró lé ti yẹ̀ nìyẹn. Àní kò pọn dandan kó kọ nǹkan kan. Kó ṣáà ti kọ̀ láti kọ lẹ́tà tuntun nígbà tí káàdì bá fẹ́ kú, tàbí kó mú páṣípọ́ọ̀tù ìyàwó kó lọ tì í mọ́nú sééfù, iṣẹ́ ti parí.

Àwọn tó kọ́kọ́ pariwo

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1980, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ sí London, Moscow àti Amẹ́ríkà ló mú oyè bọ̀, tó sì mú ìyàwó bọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí bí ọmọ síhìn-ín, wọ́n ṣe tíṣà, wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n níwájú òfin, àlejò ni wọ́n. Nínú ilé kan náà, abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ gbogbo ọmọ di ọmọ onílùú láti inú ìyá wọn wá nítorí baba wọn. Ìyá tó bí wọn ló ń tò síwájú tábìlì Ìmígíréṣọ̀n.

Ní ọdún 1979 ni àwọn kan nínú wọn dá ẹgbẹ́ Nigerwives sílẹ̀ ní Èkó. Ẹgbẹ́ náà ti ní ẹ̀ka káàkiri báyìí, Àbújá náà wà níbẹ̀. Àwọn aráàlú mọ̀ wọ́n mọ́ ilé ìtẹ̀wé àwọn afọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ìṣòro ìwé ìgbélùú àti iṣẹ́ wà lára ohun tó kó wọn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tuntun tí kò mọ ọ̀nà Sauka yàtọ̀ sí ọ̀nà Garki, níbẹ̀ ló ti ń bá ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá pàdé.

Kóòtù ń ka ọdún, káàdì ń ka oṣù

Ká ní obìnrin ará Jamaica kan ń gbé Gwarinpa pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ṣègbéyàwó ní rẹ́jísìrì, tí ọkọ wá kó jáde lọ́jọ́ kan pé òun kò ṣe mọ́. Kóòtù Gíga ti Àbújá, tí olú rẹ̀ wà ní Maitama, ni ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń lọ, lábẹ́ òfin ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. (Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti yìgì kò sí lábẹ́ òfin yìí.)

Òfin náà kì í kánjú. Ìgbéyàwó tí kò bá tíì pé ọdún méjì, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lé e lórí láìgba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé ti tú kọjá àtúnṣe: bóyá ọkọ ti pa á tì fún ọdún kan ó kéré tán, bóyá wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì tako ìkọ̀sílẹ̀, tàbí ọdún mẹ́ta bí ó bá tilẹ̀ tako ó. Nígbà tí adájọ́ bá dájọ́ tán, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ìdájọ́ náà tó di àṣekágbá.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyàwó onílé ṣì ni obìnrin náà níwájú kóòtù. Ìmígíréṣọ̀n kò tìtorí èyí dá ọjọ́ tí káàdì ń kú dúró. Bí káàdì bá kú láàárín ẹjọ́, tí kò sí lẹ́tà tuntun, obìnrin náà ti di ẹni tó ń gbé ìlú láìníwèé. Láti ọdún 2025 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kéde ìtanràn dọ́là 15 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àjèjì bá fi kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Oṣù kan péré, ó ti di dọ́là 450. Ẹni tí ọkọ ti dáwọ́ owó oúnjẹ dúró fún, níbo ni yóò ti rí i?

Bí ọkọ bá tilẹ̀ ti ṣí lọ sí òkè òkun, òfin ọdún 1970 náà gbà kí ìyàwó tó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún mẹ́ta gbáko kó tó pẹjọ́ jẹ́ ẹni tí kóòtù ibí lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àmọ́ kí ló máa fi hàn pé ó gbé ibí fún ọdún mẹ́ta? Ìwé kan náà tí ọkọ kò fẹ́ kó rí gbà ni.

Ilẹ̀kùn tí ìwé òfin ṣí sílẹ̀

Abala 26 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé obìnrin tó wà nílé ọkọ ọmọ Nàìjíríà, tàbí tó ti wà níbẹ̀ rí, lè fi orúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ìkọ̀sílẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn yìí. Ohun tí òfin ń béèrè ni ìwà rere, ẹ̀rí pé ó fẹ́ fi ibí ṣe ilé, àti ìbúra.

Ẹni tó bá sì ti wọlé, ìkọ̀sílẹ̀ kò lé e jáde. Abala 30 ka ohun tó lè mú kí Ààrẹ gba ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Àìṣòótọ́ sí orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀, ìjà tọkọtaya kò sí. Ará Jamaica tí a mú ṣàpẹẹrẹ kò tilẹ̀ ní láti jọ̀wọ́ páṣípọ́ọ̀tù ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí kí abala 28 tó gbà á láyè.

Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ yìí. Wọn kì í ṣe é lọ́sàn-án kan: àwọn elétò ààbò á ṣèwádìí, ìwé á gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi àjèjì 286 jẹ ọmọ Nàìjíríà ní Àbújá, 78 péré ló gba ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀; 208 tó kù gba ọ̀nà ọlọ́dún gígùn, ti àjèjì tó ti gbé ibí fún ọdún 15. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àsìkò tí ilé ṣì tòrò, tí ọkọ ṣì ń rẹ́rìn-ín, ló yẹ kí obìnrin ti kọ̀wé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ọkọ àjèjì kò rí ilẹ̀kùn kankan

Bí ó bá jẹ́ obìnrin Nàìjíríà ló fẹ́ ará Ghana tàbí ará Jámánì, abala 26 kò mọ ọkọ náà rí. Ó lè gba ìwé ìgbélùú pàtàkì tí Ìmígíréṣọ̀n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ àjèjì, ìyàwó ni yóò sì ṣe onígbọ̀wọ́ níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, kó lọ ka ọdún 15 bíi ti àjèjì yòówù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin dìbò lórí àtúnṣe tí ì bá yí èyí padà, ó sì forí ṣánpọ́n. Àwọn obìnrin lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin ní Àbújá. Lọ́sẹ̀ kejì, ilé aṣojú-ṣòfin ní àwọn yóò tún un gbé yẹ̀ wò. Abala 26 ṣì wà bó ṣe wà.

Ará Ghana, Benin tàbí Togo ní àǹfààní díẹ̀. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 1979 jẹ́ kó lè wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà, káàdì ìgbélùú ti ECOWAS sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ pẹ́. Ẹ̀tọ́ ọmọ ECOWAS ni èyí. Kò ti inú ìgbéyàwó wá.

Nígbà tí ọkọ bá ń fi ìwé halẹ̀

Ní Àbújá, òfin ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti lé ẹnì kan jáde nílé rẹ̀, láti fi owó dè é mọ́lẹ̀, tàbí láti pa ìyàwó àti ọmọ tì láìsí ohun tí wọn yóò jẹ. Àjọ NAPTIP ló ń mú un ṣẹ, Kóòtù Gíga sì lè fún ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà ní ìwé ààbò. "Ẹni" lòfin náà ń dáàbò bò. Kò yọ àjèjì sílẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti lọ síwájú ju èyí lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1994 ni òfin ti gbà kí ìyàwó tí ọkọ ń lù béèrè ìwé ìgbélùú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ mọ̀ sí i. Ní Britain, ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ìyàwó tí ọkọ ń ṣe níkà lè kọ́kọ́ gba oṣù mẹ́ta tí yóò fi rówó gbẹ́mìí ró, kó sì béèrè àyè láti dúró títí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní London àti Houston mọ ọ̀nà wọ̀nyí dáadáa, nítorí àwọn náà ti jẹ́ àjèjì nílé ọkọ.

Ohun tí ìjọba lè ṣe kò jìnnà. Níwọ̀n bí ìwé òfin tó ga jù lọ ti mọ obìnrin tó ti kúrò nílé ọkọ mọ́ Nàìjíríà, Ìmígíréṣọ̀n lè gbà kí ẹni tó ní ẹjọ́ ní kóòtù tàbí ìwé tó ti wà ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé tún káàdì rẹ̀ ṣe láìsí lẹ́tà ọkọ, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kí obìnrin tó wà nínú irú ìṣòro yìí tètè gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí rẹ́jísìrì fi òǹtẹ̀ lù, kó tọ́jú ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti ẹ̀dà páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ síbi tí kì í ṣe ilé, kó sì jẹ́ kí lọ́yà kọ̀wé sí Ìmígíréṣọ̀n kí ọjọ́ káàdì tó pé. Ẹni tó bá dé Sauka fúnra rẹ̀ kí káàdì tó kú, olùbẹ̀wẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí; bí ó bá dúró dìgbà tí wọ́n wá mú un, arúfin ni.