Èdè-Ìperí Aṣọ Òjò Oníkẹ̀kẹ́ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Etíkun Àgbádárìgì

Bí aṣọ òjò bá ti ń tutù mọ́ oníkẹ̀kẹ́ tàbí ọlọ́kadà lára, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Omi ti ń wọ̀ ọ́." Gbólóhùn náà ṣe ṣókí, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń dúró fún. Ó lè túmọ̀ sí pé omi ń rin òwú aṣọ náà lójú òde. Ó sì lè túmọ̀ sí pé omi ń la aṣọ náà kọjá dé ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Àléébù kìn-ín-ní ṣeé wò sàn pẹ̀lú ìfọ̀ tí ó dára àti ooru ayọ́ọ̀nù. Èkejì kò sábà ní àtúnṣe. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún méjèèjì, aṣọ tí kò tíì bàjẹ́ ni àwọn ènìyàn ń jù nù.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ òjò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 1823 ni Charles Macintosh, ará Scotland, gba ìwé-àṣẹ fún ọgbọ́n tirẹ̀: ó yọ́ rọ́bà, ó sì tẹ́ ẹ sí àárín aṣọ méjì. Òjò kò lè la irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni òógùn kò lè jáde nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀wù ike àti rọ́bà tí ó wà lára àwọn ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò jìnnà sí ìran yìí, fífọ̀ wọn kò sì ní ọgbọ́n púpọ̀ nínú. Irú kejì, tí a ṣe fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tí ń gun òkè, ni ó nílò àlàyé. Ó máa ń dé láti ọwọ́ àwọn tí ó ti òkè-òkun bọ̀ tàbí láti inú òkìríkà, pẹ̀lú àmì kéékèèké àti èdè àjèjì ní ọrùn rẹ̀.

Ní ọdún 1969, Robert W. Gore ní Amẹ́ríkà fi agbára fa ike gbígbóná kan nà lójijì, irú ike tí a fi ń bo inú páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ike náà di awọ fẹ́lẹ́ tí ihò tíntìntín kún inú rẹ̀. Ní 1976 ni aṣọ tí a fi awọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún títà. Ìṣirò àwọn tí ń ṣe é ni pé ihò kọ̀ọ̀kan kéré sí ẹ̀kán omi ní nǹkan bí ìlọ́po 20,000, ó sì tóbi ju mólékù omi kan ṣoṣo lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 700. Òjò kò lè wọlé. Ọ̀rinrin ara lè jáde.

Iṣẹ́ awọ yìí ni ó yẹ kí a pè ní *ìdènà-omi*. Ṣùgbọ́n awọ náà kò sí lójú òde. Aṣọ mìíràn ni ó bò ó, òun ni òjò ń bà, a sì ti fi oògùn kan pa á lára kí omi lè máa ṣù, kí ó sì máa yí dànù. Èyí kì í ṣe ìdènà rárá. Orúkọ tí ó bá a mu wà nínú oko: ewé kókò. Kò sí ọmọ tí ó dàgbà ní abúlé, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Ègùn, tí kò tíì rí bí omi ṣe ń yí lójú ewé kókò láì rin ín. *Àbò ewé-kókò* yóò yé akẹ́kọ̀ọ́ láìsí àlàyé gígùn. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ láì fi àmì ohùn sí i yóò mú kí àwọn kan kà á sí ewé kòkó, omi kì í sì í yí dànù bẹ́ẹ̀ lójú ewé kòkó.

Ní ti ọ̀rinrin tí ń jáde, olùtumọ̀ tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ "aṣọ tí ń mí". Ó yẹ kí a kọ èyí sílẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni í mí, ó ń fa èémí sínú, ó sì ń mí i síta. Awọ yìí kò fa ohunkóhun. *Ìyọ̀ǹda-ọ̀rinrin* sàn jù, nítorí pé ó fi hàn pé aṣọ kàn ń jẹ́ kí ọ̀rinrin kọjá ni, láti ibi tí ó ti pọ̀ sí ibi tí kò ti pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní etíkun. Ní òwúrọ̀ oṣù kẹfà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Àgbádárìgì a máa ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí òde bá rin tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin ara yóò lọ́ra láti jáde, oníkẹ̀kẹ́ yóò sì làágùn nínú aṣọ tí kò ní àléébù kankan.

Bí àbò ewé-kókò bá wá ṣá, aṣọ òde yóò mu omi, omi náà yóò sì bo ojú awọ. Awọ kò tíì jò, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀rinrin ti dí. Òógùn ara ẹni a wá di omi nínú aṣọ, a ó sì rò pé òjò ni. Ọ̀nà láti mọ òtítọ́ kò le: kí a ta omi díẹ̀ sí èjìká aṣọ gbígbẹ. Bí omi bá ṣù, àbò náà wà níbẹ̀. Bí ó bá tàn kálẹ̀, tí ojú aṣọ sì dúdú, àbò ni ó ṣá.

Ohun tí ó máa ń mú un ṣá ni ìdọ̀tí, ọ̀rá ara, iyọ̀ òkun, àti ọṣẹ fúnra rẹ̀. Mólékù ọṣẹ ní orí tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù tí ó fẹ́ràn ọ̀rá. Bí ó bá ṣẹ́kù sára aṣọ, orí yẹn yóò máa fa omi mọ́ra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọṣẹ púpọ̀ lé àléébù yìí ń dá kún un ni. Ọṣẹ olómi díẹ̀, èyí tí kò ní òórùn dídùn tàbí èròjà tí ń mú aṣọ rọ̀, ni ó yẹ. Kí a fa síìpù pa, kí a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kí a má ṣe fún un, kí a sì ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Omi kànga tí ó súnmọ́ òkun a máa níyọ̀. Omi òjò tí a gbè sí ìkòkò ló dára fún ṣíṣàn ìkẹyìn. Bí alágbàfọ̀ ni yóò fọ̀ ọ́, kí a kìlọ̀ fún un dáadáa, nítorí ìwà rere tí ó ń hù sí àǹkárá àti ṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sítáàṣì àti búlúù, kò yẹ aṣọ yìí rárá.

Ibòji tí afẹ́fẹ́ wà ni kí a sá a sí, nítorí pé oòrùn ń jẹ òwú ọ̀rá. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, bí àmì ọrùn rẹ̀ bá fàyè gbà á, kí a tẹ́ aṣọ tín-ín-rín lé e, kí a sì fi ayọ́ọ̀nù tí ooru rẹ̀ kéré jù lọ lọ̀ ọ́. Ooru a máa tún àwọn mólékù àbò tí ó ti wó lulẹ̀ gbé dìde. Ayọ́ọ̀nù eléèédú léwu níhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó lè wọn ooru rẹ̀. Bí omi kò bá sì ṣù lẹ́yìn èyí, oògùn àbò tuntun ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń fi oògùn àtijọ́ tí ó ní fulorínì sílẹ̀, torí pé kì í jẹrà nínú ilẹ̀ àti omi. Àwọn tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ lé ọ̀rá, nítorí náà aṣọ wọn ń fẹ́ kí a tètè máa fọ̀ ọ́.

Àwọn aṣọ tí owó wọn kò pọ̀ kì í sábà ní awọ yìí. Ike pọ́líyùrétéènì ni a fi kun inú wọn. Ọ̀tá ike yìí ni ọ̀rinrin pẹ̀lú ooru, tí omi yóò fi máa tú ìsopọ̀ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A lè pe èyí ní *ìfomitú*. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí láìsí òjò kankan, pàápàá bí a bá ká aṣọ náà sínú ọ̀rá nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Inú rẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò máa rùn, lẹ́yìn náà yóò máa bó bí awọ ejò. Aṣọ tí ó bá dé ipò yìí ni omi ń là kọjá ní tòótọ́, kò sì sí ọṣẹ tàbí ayọ́ọ̀nù tí yóò tún un ṣe. Èyí tí kò tíì débẹ̀, kí a fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, láì ká a.