Ayò Kò Nílò Ìjọba, Géèmù Nílò Rẹ̀

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àdúgbò kan ní Òṣogbo, ó ṣòro kí èèyàn rí ẹni tí yóò béèrè ìdí tí owó ìjọba fi ń wọ Igbó Ọ̀ṣun. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń rí èrò tó ń ya wọ Òṣogbo lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, ó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó igbó náà, kò sì fi ìgbà kan rò ó pé ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ ló kù kó má rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Susanne Wenger, ará Austria tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, àwọn tó ń dáko àti àwọn tó ń gégi ti ń jẹ igbó náà wọlé. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ dìde. Àwọn olórìṣà ni, òun fúnra rẹ̀, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà àti Kàsálì Àkàngbé Ògún tó jẹ́ agbẹ́gilére. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ère ńláńlá sáàárín igi. Ọdún 1965 ni ìjọba tó kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó di 1992 kí ìkéde náà tó fẹ̀ dé hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ó dá mi lójú pé bí kò bá sí ìkéde 1965 yẹn, púlọ́ọ̀tì ni wọn ì bá ti gé ibẹ̀ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ṣáájú. Owó ìlú tẹ̀ lé e, òun ni kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣègbé.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn bí a ṣe ń lọ sí ibi tí kò mọ́ wa lára. Lókè òkun, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí owó ìlú gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ró fún géèmù, àwọn eré orí tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti fóònù. Mo mọ ohun tí òbí púpọ̀ lọ́dọ̀ wa yóò kọ́kọ́ rò. Ilé géèmù ẹ̀gbẹ́ títì ni wọn yóò rántí: tẹlifíṣọ̀n méjì, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo níta, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó jókòó ti páàdì títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti fi pàṣán lé ọmọ jáde níbẹ̀ rí. Kí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ilé tí wọ́n ń kó orí idẹ Ifẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ ká wo ayò ná. Ilé méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọpọ́n ayò tí ọwọ́ agbẹ́gilére mọ́ wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù, kò sì sẹ́ni tó ń bínú pé eré lásán ni wọ́n gbé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ayò gan-an kò nílò ilé yẹn. Bí gbogbo ọpọ́n ayé bá jóná lónìí, àgbà méjì lè gbẹ́ kòtò méjìlá sílẹ̀, kí wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́, kí ayò sì máa lọ. Inú orí àwọn tó ń ta á ni ayò wà. Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú géèmù kan kò lè fi ìmọ̀ yẹn jí i dìde lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú.

Ikú rẹ̀ sì pọ̀. Bátìrì kékeré tó wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì géèmù àtijọ́, èyí tó ń rántí ibi tí a ta á dé, máa ń tán. Síídì máa ń họ. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ni ín bá pa ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde. Ní 2017, Apple yí ètò inú fóònù rẹ̀ padà, géèmù àtijọ́ tí ẹni tó ṣe é kò bá tún kọ kò sì ṣí mọ́ lórí ètò tuntun náà. Lóṣù Keje ọdún 2023, Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé nínú gbogbo 100 géèmù tí wọ́n tà níbẹ̀ ṣáájú 2010, 87 ni èèyàn kò lè rí rà mọ́ lójú ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Ní 2012, Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Kì í ṣe ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe géèmù wọn. Ọ̀kadà tó ń wá ọ̀nà kọjá lójú títì ni, àti ẹ̀fọn tí èèyàn ń pa, nǹkan tí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ lára. Nígbà náà, inú íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn èèyàn ti ń ta irú géèmù kéékèèké bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ètò tí wọ́n ń pè ní Flash ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Adobe tó ni ín pa Flash tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí lójú àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ fi í ṣe eré, ilé ìkàwé ìjọba wo ni yóò lọ?

Àwọn ìlú mìíràn ti gbìyànjú, ọ̀nà wọn kò sì dọ́gba. Ti Japan ló dùn mí jù. Ní 2009, ìjọba Taro Aso ya bílíọ̀nù 11.7 owó Japan (yen) sọ́tọ̀ láti kọ́ ilé ńlá kan fún ìtàn aláwòrán manga, eré anime àti géèmù. Àwọn alátakò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìjọba fẹ́ ṣí ilé kafé manga. Ìdìbò dé lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Yukio Hatoyama gorí àlééfà, ó sì fagi lé e. Ilẹ̀ tó fún ayé ní Nintendo àti PlayStation ni mo ń sọ yìí. Nígbà tó yá, Nintendo kọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Uji, ó ṣí i lóṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ilé tó dára ni, ṣùgbọ́n ìtàn Nintendo nìkan ni Nintendo máa sọ. Ta ni yóò sọ ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé?

Ní Berlin, wọ́n ṣí Computerspielemuseum ní 1997, wọ́n tì í ní 2000, wọ́n tún un ṣí ní òpópónà Karl-Marx-Allee lóṣù Kìíní ọdún 2011. Owó láti ọ̀dọ̀ àjọ lọ́tìrì ìlú Berlin wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ìpàtẹ rẹ̀ kalẹ̀. Àlejò kì í kàn rìn wò níbẹ̀, ó ń ta géèmù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé géèmù ti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti Nottingham kó wá ní 2018, fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé ní 2020 nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn pa, àfi ìgbà tó ké sí aráàlú kí wọ́n dáwó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá gbójú lé owó ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà ilẹ̀ Faransé ló wù mí jù lọ. Láti 1992 ni òfin wọn ti fi irú iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kún ohun tí ẹni tó gbé e jáde gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè, bí ìgbà tó jẹ́ ìwé. Wọn kò ṣe ayẹyẹ ìṣílé, wọ́n kàn ń kó o jọ.

Mo gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ pé ní ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ti gba ìdajì owó oṣù rí, kí ni ti géèmù? Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àbá wá pé kí a kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún géèmù sí Òṣogbo, èmi yóò wà lára àwọn tó máa takò ó. A ti rí ilé tí wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí, tí òrùlé rẹ̀ wá ń jò nítorí pé owó ìtọ́jú kò sí nínú ìṣúná. Ohun tí mo ń béèrè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá kan tó ní iná, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ẹni bíi méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń da géèmù kọ láti ara ẹ̀rọ àtijọ́ sí tuntun, àti òfin tó fún wọn láṣẹ. Mi ò rò pé owó rẹ̀ tó ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ kan ń ná lórí ọkọ̀.

Àwa ará Òṣogbo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìlú bá fi ìtọ́jú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ìlú wa. Ní 1964, Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọnà níbẹ̀, Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùràímọ̀ àti àwọn mìíràn sì jáde. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìgbà náà níbi kan ṣoṣo, Bayreuth ní Jámánì ni yóò lọ, sí ilé Ìwàlẹ̀wà tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1981 lábẹ́ yunifásítì ìlú náà. Owó ìlú Jámánì ló ń tọ́jú wọn. Mi ò bá àwọn ará Bayreuth jà, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ wọ̀nyẹn kò fi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ìtọ́jú ló ń pinnu ohun tí a ó rí àti ọjọ́ tí a ó rí i, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun sì gbọ́dọ̀ gba físà kó tó rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní kí owó ìlú wọ̀ ọ́, kó sì tètè wọ̀ ọ́. Nàìjíríà ti ní òfin Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè láti 1970, tó pàṣẹ pé kí ẹni tó bá tẹ ìwé fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Abuja, ẹ fi géèmù tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà kún un. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló dá ibùdó àṣà adúláwọ̀ tó wà ní Òṣogbo níbí sílẹ̀, níbi tí àwọn fọ́tò Ulli Beier wà. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń ṣe géèmù ní Òṣogbo, Iléṣà àti Ifẹ̀, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibi méjì ó kéré tán, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín ṣe é sí i, ẹ sì kọ ọdún rẹ̀.