ÌDÓ ÀTI ÙDÓ: Ọ̀RỌ̀ KÉKERÉ KAN NÍNÚ ÈDÈ PÚPỌ̀

Arìnrìn-àjò tí ó bá ti Ìkọ̀lé kọjá sí Ọyẹ́, tí ó sì gba Ìfàkì wọ Ìdó, yóò ka orúkọ ìlú náà lára pátákó: Ìdó-Èkìtì. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́tí sí àgbàlagbà tí ń sọ èdè ibẹ̀ láìlábùlà, Ùdó ni yóò gbọ́. Kò sí ohun ìyanu nínú èyí. Èdè Èkìtì a máa fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí Yorùbá inú ìwé gbé ń lo i: ilé di ulé, iṣu di uṣu, iṣẹ́ di uṣẹ́. Yorùbá inú ìwé kò fẹ́ u níwájú ọ̀rọ̀ rárá, ni Ùdó fi gbé aṣọ Ìdó wọ̀ nínú àwòrán ilẹ̀. Ùsì tí ó wà nítòsí rẹ̀ kò pààrọ̀ aṣọ ní tirẹ̀.

Dó ni gbòǹgbò orúkọ náà. Ẹni tí ó rìn títí, tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, tí ó sì pàgọ́, ó dó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ibì kan di ìlú ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò fún ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dúró sí ní aginjù. (Dó mìíràn wà tí ẹnu àgbà kì í pè ní gbangba, ọ̀tọ̀ gédégbé ni.) Ìdó, nígbà náà, ni ibi tí a dó sí. Abájọ tí orúkọ náà fi pọ̀ káàkiri: Ìdó wà ní Èkó, èyí tí àwọn òyìnbó fi d méjì kọ, Ìdó wà lẹ́bàá Ìbàdàn, Ìdó-Ọ̀ṣun sì ń bẹ. Kò tọ́ kí a rò pé ọ̀kan nínú wọn ni ó bí àwọn ìyókù, nítorí olúkúlùkù lè dó ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré: ìtàn orúkọ a máa di ìtàn ta-ni-ó-kọ́kọ́-dé, ìyẹn a sì máa di ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wẹ̀yìn odi. Láàrin àwọn Ìgbò, udo ni àlàáfíà. Láàrin àwọn Ibibio, Udo ni orúkọ tí a ń sọ ọmọkùnrin kejì. Ní ilẹ̀ Ẹdó, Udo ni ìlú tí Aruanran ti gbógun ti Esigie, Ọba Benin, arákùnrin rẹ̀. Ní Jàpáánù, ido ni kànga. Bí a bá fa o náà gùn, ó di ṣíṣípò padà. Ní Sípéènì, ido ni ẹni tí ó ti lọ. Ẹni tí ó dó ní Èkìtì ni ó ti lọ ní Sípéènì! Èdè kan tilẹ̀ wà tí ń jẹ́ Ido fúnra rẹ̀. Ní 1887 ni Zamenhof gbé èdè àdálù rẹ̀, Esperanto, jáde. Nígbà tí àwọn kan tún un ṣe ní 1907, wọ́n pe àtúnṣe náà ní Ido, nítorí pé ọmọ ni ìtumọ̀ ido nínú Esperanto. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni Zamenhof sì ti mú un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn yóò ti máa rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Níbi tí a dó sí ni àlàáfíà gbé wà. Lẹ́bàá kànga ni a ń dó. Ibi tí a dó sí ni a ń bímọ sí: gbogbo wọn ti di ẹbí kan! Irú ọ̀nà yìí ni Olumide Lucas tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1948 lórí ẹ̀sìn Yorùbá, níbi tí ó ti fi ìjọra ọ̀rọ̀ so wá mọ́ Íjíbítì àtijọ́. Ìtumọ̀ tí a bá lè fà bíi rọ́bà kò ní kọ ibi tí a bá fẹ́ kí ó dé. Ohun tí a ń wá ni ìyípadà ìró tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ohùn àti ìtumọ̀ sì bá a mu.

Ùdó àti Ìdó yege nínú ìdánwò yìí, nítorí ulé, uṣu àti uṣẹ́ tò tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀rí mìíràn sì wà nínú Yorùbá inú ìwé gan-an. Ẹ wo ibùdó. Bí ó bá jẹ́ ibi àti ìdó ni a so pọ̀, ibìdó ni à bá máa gbọ́. Níbo ni u ti wá, bí kì í bá ṣe pé ibi àti ùdó ni? Bákan náà ni ibùsùn, ibùjókòó àti ibùgbé. Olùkọ́ tí ó ń fi yíǹkì pupa fa ulé nù nínú ìwé ọmọ Èkìtì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ọ ní ilé, nítorí ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pè é ní àṣìsọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń pe u náà nígbàkúùgbà tí ó bá dárúkọ ibùdó ọkọ̀. Ní ti Olójùdó, orúkọ oyè ọba Ìdó-Èkìtì, u wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi ṣe ẹ̀rí, nítorí bí ẹnìkan bá ní ojú ni ó wà nínú oyè náà, ojú ti ní u tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.