Ó Jinná, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Rọ̀?

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ se eegun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ nínú slow cooker, ìyẹn ìkòkò oníná mànàmáná tó máa ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo tan án ní aago 1 ọ̀sán, mo sì gbé e sórí tábìlì ní aago 4, torí ebi ti ń pa àwọn ọmọ, mọ́mì mi náà sì ti jókòó. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ki tẹmómítà bọ inú ẹran náà, ó ti dé 75°C. Ní Bírítéènì níbí, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní kí inú ẹran dé 70°C fún ìṣẹ́jú 2. Ti Amẹ́ríkà tiẹ̀ ní 63°C ti tó fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn ò lọ̀, bí a bá jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Kí ló tún kù?

Mọ́mì mi mú ẹyọ kan. Wọ́n fi eyín fà á, wọ́n tún un fà. Wọ́n ní, "Ó jinná. Ṣùgbọ́n kò rọ̀."

Mo ní, "Ó rò, Mọ́mì."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní kí wá ni ẹran náà ń rò? Ẹ̀yin tí ẹ fúnra yín kọ́ Yorùbá bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sábẹ́ ọ yẹn. Èèyàn ló ń rò. Ẹran a máa rọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an ni wọ́n tọ́ka sí: mo rò pé jinná àti rọ̀, ọ̀kan náà ni. Ẹran ìhà sún mọ́ eegun, àwọn okùn funfun tó ń so ẹran mọ́ eegun sì pọ̀ lára rẹ̀. Ohun tó wà nínú okùn yẹn ni wọ́n ń pè ní collagen. Tí inú ẹran bá ti dé nǹkan bí 70°C, ẹran ti jinná, ẹ lè jẹ ẹ́ láìséwu, ṣùgbọ́n collagen ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtiyọ́ ni. Tó bá dé 90°C sí 95°C, tó sì pẹ́ níbẹ̀, collagen á yọ́ di gelatin, ẹran á wá rọ̀. Ẹ ti rí gelatin rí o. Ṣé ẹ rántí omi ẹsẹ̀ màlúù tí mọ́mì yín gbé sínú fìríìjì, tó dì gbagidi tó ń mì lọ́jọ́ kejì? Òun náà ni.

Ní 75°C tí èmi gbé tèmi kalẹ̀, ìgbà tó burú jù ni mo mú: ẹran ti fún omi ara rẹ̀ jáde, okùn ò sì tíì yọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ nígbà yẹn á ní ẹran náà ti sè jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò tíì sè tó. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé tẹmómítà nìkan mọ́. Ẹ mú eegun kan ní àárín, ẹ rọra yí i. Tó bá yí lọ́wọ́ yín tí ẹran ò bá a jà, ó ti rọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ alápatà, oríṣi méjì lẹ máa rí. Baby back wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn. Ó kúrú, ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀. Spare ribs wà nísàlẹ̀, lápá ikùn. Ó gùn, ó sì lọ́ràá. Ti ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ràn, torí pé kì í tètè gbẹ. Nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀ ló tó ilé mi. Ẹ yí i dojú dé, ẹ ó rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́yìn eegun. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tú u ní igun kan, ẹ fi tíṣù dì í mú torí ó ń yọ̀, kí ẹ wá fà á. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, bíi rọ́bà ló máa rí lẹ́nu.

Iyọ̀ ṣíbí kékeré méjì, ata gbígbẹ, kọ́rì, táìmù, aáyù àti atalẹ̀ lílọ̀, pẹ̀lú ṣúgà pupa ṣíbí ńlá kan, ni mo máa ń fi pa á lára lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó sì máa ń sùn nínú fìríìjì. Èròjà sùyà náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀pà wà nínú rẹ̀: tí ọmọ ọlọ́mọ bá ń bọ̀ wá jẹun, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀pà kì í bá a lára mu. Ẹran tó ṣì dì bíi yìnyín ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò yìí o. Díẹ̀díẹ̀ ni ìkòkò ń gbóná, ẹran tó dì á sì pẹ́ jù láàárín 5°C sí 60°C, níbi tí kòkòrò àìsàn ti ń bí sí i.

Láàárọ̀, mo gé e sí mẹ́ta, mo tẹ́ àlùbọ́sà sísàlẹ̀, mo sì na ẹran náà ró mọ́ ògiri ìkòkò yíká. Omi ńkọ́? Ìdajì ife, ó pọ̀ tó. Ibí yìí ni àwa ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣìṣe, a máa ń bu omi sí i bí ẹni ń se ẹran ọbẹ̀. Ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìkòkò yìí, ẹran fúnra rẹ̀ á sì sun omi. Mo fi iná rẹ̀ sí Low, wákàtí 7 sí 8, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí i. Bí ẹ bá ṣí ìdérí lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi bí ogún ìṣẹ́jú kún àkókò yín. Mọ́mì mi ò lè rí ìkòkò kí wọ́n má ṣí i, torí náà mo kúkú máa ń fi àkókò tiwọn kún un látìbẹ̀rẹ̀.

Tó bá rọ̀ tán, kò ní wuni í wò. Omi kì í jẹ́ kí inú ìkòkò kọjá 100°C, ojú ẹran kì í sì pọ́n dáadáa àfi tó bá kọjá nǹkan bí 140°C. Ẹ rọra kó o jáde, torí ó lè já, ẹ tò ó sórí páànù. Ẹ bu ọ̀rá kúrò lójú omi rẹ̀, ẹ fi tòmátò, ata rodo àti oyin sí omi náà, ẹ sè é kó ki, kí ẹ fi kun ẹran lára. Ẹ wá gbé e sábẹ́ iná gírìlì fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Ẹ dúró tì í! Oyin kì í pẹ́ jóná.

Ta ló tiẹ̀ ronú irú ìkòkò yìí? Irving Naxon ni, ọmọ Júù kan ní Chicago, tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1940. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un nípa Lithuania tí wọ́n ti wá: lọ́jọ́ Ẹtì kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran tí wọ́n ń pè ní cholent lọ sílé oníbúrẹ́dì, ooru tó ṣẹ́kù nínú ààrò á sì sè é mọ́jú, torí wọn kì í dáná lọ́jọ́ Sábáàtì. Ìkòkò ẹ̀wà ló ń ṣe. Ilé iṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ rẹ̀ ní 1970, wọ́n sì pè é ní Crock-Pot ní 1971. Ẹ wá wò ó, ìkòkò àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi ń se ẹlẹ́dẹ̀.

Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n kí Màmá Alhaja tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi ni Màmá Alhaja. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Mọ́mì mi ló tẹ̀lé dádì mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, irú ìdílé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa. Lọ́dún tó kọjá, Màmá Alhaja wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn. Mo palẹ̀ fìríìjì mọ́. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo kó jáde. Mo wá se ẹ̀wà fún wọn nínú slow cooker.

Wọ́n ti jẹ ṣíbí méjì nígbà tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, nawọ́ sí ìkòkò náà, ó ní, "Màmá Àgbà, ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ dádì nìyẹn."

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bẹ ọmọ yìí kó sọ odindi gbólóhùn Yorùbá kan láìjẹ́ pé mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Òun rèé, kò sì ṣi ohùn kankan pè.

Màmá Alhaja gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú kíṣínì. Wọ́n wò mí fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde. O ò ronú dé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o ronú dé ibẹ̀." Wọ́n lọ yọ ẹnu wọn, wọ́n ní kí n fún àwọn ní búrẹ́dì àti tíì. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ: "Ìwọ, jókòó sí ibí. O ṣeun tí o sọ fún mi." Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ títí lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ò jẹun.

Èmi kì í ṣe alùfáà, mi ò sì ní máa bá wọn jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ra òmíràn. Dúdú ni ti ẹlẹ́dẹ̀, pupa ni ti gbogbo ilé, ṣíbí onígi wọn ò sì dà pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ fi ìhà màlúù rọ́pò. Bákan náà lẹ ṣe máa sè é. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lórí iná gidi fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, torí májèlé tó wà nínú rẹ̀ kì í kú nínú ooru slow cooker.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá Alhaja pè lórí WhatsApp. Ọmọ náà gbé fóònù lọ sí kíṣínì. "Màmá Àgbà, ẹ wò ó, ti ẹ̀wà nìyí." Wọ́n ní kó ṣí i kí àwọn rí inú rẹ̀. Mo pariwo láti pálọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí i, ó ṣì ku wákàtí méjì.

Wọ́n ṣí i.